Iṣẹ́ oṣù, ọmọ nílé, ìwé ìtàn lọ́wọ́: báwo la ṣe ń pín in tó fi ń parí?

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá kan wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ kó tó ọ̀kẹ́ méjì ọ̀rọ̀, ìyẹn 40,000. Orí mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀, bíi 5,000. Iṣẹ́ oṣù ń gba aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ń jẹ wákàtí méjì lójúmọ́. Ọmọ méjì ló wà nílé, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, ọ̀kan ọdún mẹ́ta. Irinṣẹ́ tó wà ni fóònù Android kan àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mélòó ló bọ́gbọ́n mu lójúmọ́? Ṣé kí n máa fi àmì ohùn sí i bí mo ṣe ń kọ ni, àbí kí n kọ gbogbo rẹ̀ tán ná? Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìlà kan ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí àmì, kí n tó parí gbólóhùn kan, èyí tó yẹ kó tẹ̀lé e ti fò lọ. Ìgbà wo ló sì yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìtẹ̀wé?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Ẹ má ka ọjọ́, irú iṣẹ́ ni kí ẹ kà. Mẹ́rin ló wà nínú ìwé kíkọ: ríronú, kíkọ, fífi àmì sí, àti títúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí ìjókòó kan, ìdajì ojú ewé ni yóò rí kọ mọ́jú. Àkókò ọlọ́mọ kì í wá gbọọrọ, wẹ́wẹ́ ló ń wá bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti rẹ́, nítorí náà irú iṣẹ́ tó bá bá irú àkókò mu ni kí ẹ fi sínú rẹ̀.

Inú ọkọ̀ dára fún ríronú. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí ìlà mẹ́ta ti wà nínú fóònù: ta ló wọlé sínú ìran yìí, kí ló ń wá, kí ló ti yí padà nígbà tó fi jáde. Ìran tí kò bá ní ìlà kẹta, ẹ má tíì kọ ọ́, òun ni yóò dá yín dúró láàárín òru. Bí ẹ bá gba ohùn yín sílẹ̀, kó má kọjá ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì kọ́kọ́ dárúkọ orí tó kàn. Ohùn ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń padà gbọ́ ọ.

Kíkọ ń fẹ́ ogójì ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ní pe orúkọ yín. Nínú ilé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, àfẹ̀mọ́jú ló dára jù, bí aago mẹ́rin ààbọ̀, torí pé alẹ́ ní àṣekù tirẹ̀: aṣọ ilé ìwé, àwo, iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ìlà mẹ́ta yẹn bá ti wà, ọ̀rọ̀ 300 kò ṣòro láti kọ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ 1,500. 35,000 tó kù yóò gba ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 8 kún un fún ibà ọmọ, ìparí oṣù níbi iṣẹ́, ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Ó lé díẹ̀ ní oṣù méje nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí 1,000 lójúmọ́ fún ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ló sábà máa ń dáwọ́ dúró, torí pé gbèsè ọjọ́ kan tó bá pàdánù ti wúwo jù láti san.

Ti ilé ìdáná ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀wà sí ọ̀sán tí ẹ bá fẹ́ jókòó kọ̀wé. Ẹ̀wà a máa pẹ́ lórí iná ju wákàtí kan lọ, omi nìkan ló ń fẹ́ kí a máa bù sí i. Ẹ ṣètò aago fóònù kó máa dún ní ogún-ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gúsí, àmàlà àti dòdò kò gba ìwé, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń fẹ́. Aṣọ lílọ̀ àti ẹ̀wà ṣíṣà gbà yín láàyè láti máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn yín sókè. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni òǹkàwé náà yóò ti kọsẹ̀.

Ẹ̀kan ṣì kù: ẹ má dáwọ́ dúró níbi tí ìran parí sí. Ẹ dúró láàárín rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdajì gbólóhùn tó kàn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí ọwọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, àfi ibì kan: ẹ má jẹ́ kí fífi àmì sí jìnnà sí kíkọ. Àwọn kan a máa kọ odindi ìwé láìsí àmì, wọ́n á ní olóòtú yóò fi sí i. Olóòtú kò gbọ́ ohùn tó wà létí yín nígbà tí ẹ ń kọ ọ́. "Igba" tó wà lójú ìwé lè jẹ́ igba tó jẹ́ 200, igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tó jẹ́ àkókò. "Oko" tí kò ní nǹkan kan lórí tàbí nísàlẹ̀ lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀. Ẹni tí kò kọ ọ́ yóò kàn máa méfò ni.

Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ, ọ, ṣ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn rárá, lẹ́tà ni wọ́n, ẹ kọ wọ́n pé láti ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, bí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù bá tilẹ̀ wà ní ìhòòhò, ẹ fi àmì sí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí bí ẹ ṣe ń kọ: o, ó, ò, rẹ, rẹ̀, wọn, wọ́n, ni, ní, ti, tí, wa, wá, wà. Àwọn ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àti ẹni tó ni ín. "Ó gbé owó fún ìyá rẹ" àti "Ó gbé owó fún ìyá rẹ̀", ìtàn méjì ni. Nínú ìwé tí ọmọ ìyá mẹ́ta ti ń du ilẹ̀ bàbá wọn, àmì kan ṣoṣo yẹn lè gbé ilẹ̀ fún ẹni tí kò ni ín.

Àwọn tó kù, Sátidé ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ 1,500 ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Bí ẹ bá dà á jọ di ìparí ìwé, ogójì wákàtí ni yóò di, etí yín á sì ti gbàgbé ohun tó gbọ́. Ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ là á kọjá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láì dúró. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ fi ìràwọ̀ * síwájú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá àwọn ìràwọ̀ yẹn, kí ẹ wo ìwé atúmọ̀-èdè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kà á sókè bó ṣe wà lójú ìwé gan-an, kì í ṣe bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lórí. Níbí ni aránmúpè aṣesílébù máa ń fara hàn, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ń lọ, ǹjẹ́, ńlá, bàǹtẹ́. Sílébù ni n yẹn, ó ní ohùn tirẹ̀.

Nípa iṣẹ́ oṣù, ẹ fọkàn balẹ̀. Tíṣà ni D. O. Fágúnwà tí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1938. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́ni ní yunifásítì. Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ní Ìbàdàn. Isaac B. Thomas sì ni olóòtú Akéde Èkó nígbà tó ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn náà, ní 1929 wọ 1930, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré tó láti parí láàárín iṣẹ́ mìíràn, ó sì ní ibi tó parí sí. Bí orí kan bá jẹ́ 1,500, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Orí 27 ni 40,000 yóò fún yín.

Ayárabíàṣá

Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìlà kan, bọ́tìnnì ló fà á. Lórí Android, ẹ ṣí Gboard, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé orí fóònù, ẹ lọ sí Settings, Languages, Add keyboard, kí ẹ mú Yoruba. Ẹ tẹ fáwẹ́lì kan mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ní àmì á yọ jáde. Ẹ wá pa Auto-correction, torí pé bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá wà lórí fóònù kan náà, á máa yí ọ̀rọ̀ yín padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá lórí rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i.

Lórí Windows, Keyman dára, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní pátákó ìtẹ̀wé fún Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ fi ń mọ̀ ọ́n.

Fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí Word fi àmì sí i fúnra rẹ̀: File, Options, Proofing, AutoCorrect Options. Ẹ kọ "sugbon" sí apá òsì, "ṣùgbọ́n" sí apá ọ̀tún. Bákan náà ni nitori/nítorí, pelu/pẹ̀lú, lati/láti, eniyan/ènìyàn, gege/gẹ́gẹ́. Bí ẹ bá kó irú rẹ̀ bí àádọ́ta jọ, iṣẹ́ Sátidé yóò fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ju ohùn kan lọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀: oko, igba, owo, won, ile, ara. Ẹ̀rọ á gbé ọ̀kan fún gbogbo wọn, àṣìṣe tí ẹ̀rọ fi àmì sí sì ṣòro láti rí ju ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lọ, nítorí ojú á ti gbà pé wọ́n ti tún un ṣe.

Àwọn kan ń kọ nọ́ńbà kóòdù, wọ́n á sì tẹ Alt pẹ̀lú X nínú Word. 1EB9 ń di ẹ, 1ECD ń di ọ, 1E63 ń di ṣ. 0301 ń fi àmì òkè lé lẹ́tà tó ṣáájú, 0300 ń fi àmì ìsàlẹ̀ lé e. Ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ 0301 lẹ́gbẹ̀ẹ́ a tàbí e, Word á ka lẹ́tà náà mọ́ nọ́ńbà, á sì gbé nǹkan àjèjì jáde. Fún á àti é, ẹ lo 00E1 àti 00E9.

Nípa bátìrì: ẹ lọ sí Options, Save, kí ẹ dín AutoRecover, èyí tó ń tọ́jú iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, kù láti ìṣẹ́jú 10 sí 2. Bí iná kò bá ṣe é gbọ́kàn lé ládùúgbò yín, ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún Sátidé. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó máa wà: lórí kọ̀ǹpútà, lórí flash, àti nínú ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín. Orúkọ fáìlì kò gbọdọ̀ ní àmì tàbí àlàfo: ori07-a, lẹ́yìn àtúnṣe ori07-b. Ẹ má pe ohunkóhun ní "ìkẹyìn", torí pé ìkẹyìn mẹ́rin ni yóò wà níbẹ̀ kó tó di ọdún.

Tíṣà Àgbà

Ẹ ṣeun, Ayárabíàṣá. Mo kàn fẹ́ kìlọ̀ lórí AutoCorrect yẹn. "Gege" ń jẹ́ gẹ́gẹ́ ṣáá o, ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ tó ń yọ lọ́rùn ńkọ́? Bí ẹ̀dá ìtàn kan bá ní àìsàn yẹn, ẹ ti wọ gàù. Kí wọ́n fi "gege" sílẹ̀.

Ayárabíàṣá

Òótọ́ ni, sà. Mo yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ti da àkójọ yẹn kọ, ẹ yọ gege o.

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an ni. Nǹkan méjì ṣì rú mi lójú. Nínú orí kìíní tí mo fi fóònù kọ, bí mo bá ní kí Word wá "ọ̀rẹ́", á ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi. Ìkejì, bí mo bá yí fọ́ńtì padà, àmì orí ẹ́ máa ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ayárabíàṣá

Á, é, ó, pẹ̀lú à, è, ò, ní kóòdù kọ̀ọ̀kan tó dá dúró nínú Unicode, ìyẹn àkójọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ kò ní. Nǹkan méjì tí wọ́n so pọ̀ ni wọ́n, ọ̀nà ìsopọ̀ náà sì pọ̀. Pátákó kan á kọ ẹ, á fi àmì òkè lé e. Òmíràn á kọ é, á wá fi àmì abẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta á kọ e lásán, á to méjèèjì tẹ̀lé e. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Word kì í wo ojú, kóòdù ló ń kà, ìdí nìyí tó fi ní òun kò rí i.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe: ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Ẹ ṣí Find and Replace. Nínú Find, ẹ kọ ^u233^u803, ìyẹn é tó ní àmì abẹ́; nínú Replace, ẹ fi ẹ́ tí pátákó yín báyìí kọ sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún è pẹ̀lú 232, ó pẹ̀lú 243, ò pẹ̀lú 242, ẹ sì tún un ṣe fún lẹ́tà ńlá: É 201, È 200, Ó 211, Ò 210. Lẹ́yìn náà, ẹ wá e, o, s lásán tí 803 tẹ̀lé, ní kékeré àti ńlá, kí ẹ fi ẹ, ọ, ṣ rọ́pò. Ẹ tẹ More níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí Match case wà ní títàn, kí lẹ́tà ńlá má di kékeré. Ẹni tó bá mọ Python lò, kó tọ́jú iṣẹ́ náà sí .txt, kó sì lo unicodedata.normalize pẹ̀lú "NFC". Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Kò gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀ lórí .docx tààrà.

Fọ́ńtì ńkọ́? Fọ́ńtì tí wọ́n kò ṣe ibi ìjókòó fún àmì lórí ẹ àti ọ, àmì á kàn balẹ̀ síbi tó bá rí. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìlà underline dípò àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ náà kọ sí WhatsApp, gbogbo ìlà yẹn á pa rẹ́, ẹ á padà sí "oko".

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Ìgbà tó yẹ kí ẹ ronú nípa ìtẹ̀wé ni báyìí, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ẹ mọ ìwọ̀n ìwé náà, kí ẹ tó mọ iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lé.

A5 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, 148 sí 210 mm. Pẹ̀lú fọ́ńtì ìwọ̀n 11, ojú ewé kan ń gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300. 40,000 á jẹ́ ojú ewé 134; ẹ fi ojú ewé àkọlé, ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, àti àwọn orí tó bẹ̀rẹ̀ lójú ewé tuntun kún un, ẹ á dé 144. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ 144 ni, torí pé ojú ewé 16 ni bébà kan sábà ń di tí a bá tẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì tí a sì ká a. 16 lọ́nà 9 ni 144. Bí ìwé yín bá jẹ́ 147, bébà kẹwàá á wọlé nítorí ojú ewé mẹ́ta, owó rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú.

Àlàfo ìlà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìwé kì í mọ̀ nípa Yorùbá. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ìwọ̀n 11 lè jókòó lórí àlàfo 13. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀: Ẹ̀ àti Ọ́ ní nǹkan lórí, ìlà òkè ní ẹ, ọ, ṣ tó ní nǹkan nísàlẹ̀, wọ́n á kan ara wọn. Ẹ lo 15, ó kéré tán 14.5. Bí ayàwòrán bá ń lo InDesign, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ewé ìwé, kó yan Adobe World-Ready Paragraph Composer, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì lè yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kódà pẹ̀lú fọ́ńtì rere. PDF tí ẹ máa kó wá, kí fọ́ńtì wà nínú rẹ̀ pátá. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wa á fi tirẹ̀ rọ́pò, àpótí òfìfo á sì bo lẹ́tà yín mọ́lẹ̀.

Etí inú ìwé, ẹ fi 20 mm sílẹ̀; bí wọ́n bá máa fi wáyà gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó tó 22, kí òǹkàwé má máa fipá ya ìwé láti rí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Fún bébà 80 gsm (ìwọ̀n ìwúwo bébà nìyẹn), ewé 72 nípọn tó nǹkan bí 7 mm, pẹ̀lú èèpo ìwé á sún mọ́ 8. Ìyẹn ni ìbú ẹ̀yìn ìwé tí ayàwòrán èèpo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi 3 mm kún àwòrán ní gbogbo etí nítorí ọ̀bẹ. Ẹ tún bèèrè ọ̀nà tí okùn bébà gbà, kó máa lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn ìwé. Bó bá dábùú, ìwé á máa ká kò, gọ́ọ̀mù á sì tètè já.

Ẹ gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library of Nigeria kí èèpo tó parí; 978-978 ni tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn títẹ̀, òfin ní kí ẹni tó gbé ìwé náà jáde fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí wọn.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará ọ̀hún. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Pọ́bẹ̀, ẹ rántí pé lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè wa ní Benin yàtọ̀: ɛ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ẹni tó ka èyí níbí lè ka tiyín, ṣùgbọ́n kò ní yára. Ojú ewé kan níwájú ìwé tó to lẹ́tà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ti tó. Ẹ má ṣe ẹ̀dà méjì.

Tíṣà Àgbà

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé ìpinnu kún un, torí pé oṣù méje pọ̀, ohun tí ẹ pinnu ní oṣù kìíní kò ní sí lórí yín ní oṣù karùn-ún. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ yín. Ìpín kìíní, orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé, ọjọ́ orí, ìlú, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pe ẹnì kejì. Ta ló ń sọ "ìwọ" fún ta, ta ló ń sọ "ẹ̀yin"? Bí ìyàwó bá ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní "ẹ" ní orí kejì, tó wá pè é ní "o" ní orí kọkànlá, ìjà ni òǹkàwé máa rò pé ó ṣẹlẹ̀.

Ìpín kejì, àkọtọ́. Ẹ tẹ̀ lé àkọtọ́ 1974: ayé, kì í ṣe aiye, ènìyàn, kì í ṣe enia, yóò, kì í ṣe yio, wọ́n, kì í ṣe nwọn, ta ni, nígbà tí, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí àṣà méjì wà, ẹ mú ọ̀kan kí ẹ má yẹsẹ̀: èèyàn tàbí ènìyàn nínú àlàyé, iléeṣẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́. Lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn, ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀ka èdè wọn fara hàn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu pé ará Ìjẹ̀bú ni, kí olóòtú má baà tún un ṣe fún yín.

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ kú àánú mi. Ìbéèrè kan nípa ilé: púpọ̀ nínú ohun tí mo ń kọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ ló bí i. Báwo ni mo ṣe lè lò ó láìdójú ti ẹnikẹ́ni?

Ìyá Ìbejì

Orúkọ nìkan kò tó láti yí padà, àbúrò. Ohun tó ń tú àṣírí ni àkójọpọ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe, iye ọmọ rẹ̀, àdúgbò, àti ohun kan tó máa ń sọ ṣáá. Ẹ yí ó kéré tán mẹ́ta nínú mẹ́rin wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan máa ń sọ, tó jẹ́ pé gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, ẹ má gbé e wọ ìwé rárá. Ti ọmọ lágbára jù: ẹ má kọ orúkọ gidi, ilé ìwé, tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń fi àwòrán tọ ìwé yín lẹ́yìn, ẹ wo bóyá báàjì ilé ìwé hàn, kí ẹ sì pa location nínú kámẹ́rà, torí fóònù lè fi ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú àwòrán.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ rí ìwé yín, ì báà jẹ́ àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan, orí méje lè bá a lọ. Ẹ tún ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín, bóyá ó sọ ohunkóhun nípa ohun tí òṣìṣẹ́ bá kọ. Ìwé èsáísíìsì ni kí ẹ máa mú lọ. Ojú ewé rẹ̀ kan ń gba ọ̀rọ̀ 150 sí 200, ojú ewé méjì ni iṣẹ́ òòjọ́ yín.

Akọ̀wé Kékeré

Mo ti gbọ́, ma. Bọ̀dá Atẹ̀wé, ẹ̀dà mélòó ni kí n tẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ni mo sì gbọ́dọ̀ kó wá?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Bí kò bá tó 300, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní digital, èyí tó ń jáde tààrà láti kọ̀ǹpútà láìlo àwo. Offset ń fẹ́ àwo kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó jáde: bébà 9, ojú méjì, àwo 18. Owó àwo yẹn kì í dín kù, ì báà jẹ́ 100 tàbí 1,000 lẹ fẹ́, nítorí náà ìgbà tí ẹ̀dà bá pọ̀ ló ń rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, àṣìṣe tí àwọn òǹkàwé bá rí á ṣe é tún ṣe.

Kí ẹ tó kó odindi ìwé wá, ẹ mú ojú ewé kan ní PDF, kí ìlà ìdánwò yìí wà lókè rẹ̀ ní fọ́ńtì àti àlàfo tí ẹ fẹ́ lò: "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹṣin, ọ̀ọ́dúnrún ọ̀bọ, Ọ́fíìsì, Ṣẹ̀ṣẹ̀, ǹjẹ́ ó ń bọ̀?" Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rin lára wọn kí ìlà lè gun orí ìlà. A ó tẹ ẹyọ kan lórí bébà tí ẹ yàn, ẹ ó gbé e sábẹ́ oòrùn wò. Àmì tó bá fara kan ìlà òkè, tàbí àpótí òfìfo, á hàn níbẹ̀.

Tíṣà Àgbà

Ẹ fi òròm̀bó kún ìlà yẹn, bọ̀dá. M tó ní àmì ìsàlẹ̀ lórí kò ní kóòdù tirẹ̀ bíi ti ǹ, fọ́ńtì tó gbé gbogbo ìyókù jókòó dáadáa lè ṣì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo ti fi kún un, sà.